Òkùnkùn Ti Mọ Ẹni Ọ̀wọ̀ ní Ọ̀jọ́

Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, òun ló dífá fún "Ìwọ ta nìyẹn?" Bí àdúgbò kan bá wà ní Èkó tó yẹ kó ni òwe yìí, Navy Town ní Ọ̀jọ́ ni. Níbi tí ológun bá ti ń ṣọ́ ẹnu géètì, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, "Ta nìyẹn?" kan náà ni ọ̀gá tí èjìká rẹ̀ kún fún àmì oyè àti ọmọ tí wọ́n rán lọ ra búrẹ́dì máa gbọ́. Òkùnkùn kì í wo èjìká.

Àwọn àgbà sọ tiwọn, wọ́n lọ. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó kọ́ òkùnkùn ní ẹ̀kọ́ ilé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, kéde pé kí àwọn tó wà ní Band A máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan tí wọ́n ń san náírà 68 lé lórí tẹ́lẹ̀. Ẹni Band A ni ẹni tó yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Wákàtí 16 ni ti B, 12 ni ti C, 8 ni ti D. Wákàtí mẹ́rin péré ni ti E, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má bi mí bóyá ẹni E ń rí mẹ́rin náà. Wáyà tó gbé iná wọ àdúgbò ló ń sọ bandi tí èèyàn wà, nítorí náà ilé méjì lè kọjú síra wọn ní títì kan, kí ọ̀kan máa wo tẹlifíṣàn, kí èkejì máa wá ìṣáná. Òkùnkùn ti mọ ẹni ọ̀wọ̀ báyìí. Ó ń béèrè bandi kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024 yẹn kan náà, okùn iná tó so gbogbo orílẹ̀-èdè yìí pọ̀ dà wó léraléra, A àti E sì jọ wà nínú òkùnkùn kan ṣoṣo. Ẹni tó san 225 ń na ọwọ́ tá ògiri kiri bíi ti ẹni tí kò san nǹkan kan.

Kí wá ni mẹ̀kúnnù Ọ̀jọ́ ṣe? Ó wá iná tirẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ kò tó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, kò sì tó ra sólà, ló bá kọjú sí iná tó kéré jù lọ lọ́jà: iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù.

Lọ sí ọjà Àlàbá lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn ń ta lórí páànù, kí o dúró ti àwọn tó ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Wọn ò béèrè bí bátìrì ṣe le tó. Wọn ò béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. "Ọ̀gá, ṣé kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ń tanná?" Ọ̀gá ní ó ń tàn. Oníbàárà tẹ bọ́tìnì, kò tàn. Ó tún un tẹ̀. "Ọ̀gá, ó ti bàjẹ́ nìyí o!" Bí ó bá jẹ́ irú MacBook ni, ọ̀gá ò ní bá a jiyàn. Á na ọwọ́, á fi àtàǹpàkò bo ojú kékeré kan tó wà nítòsí kámẹ́rà lókè, gbogbo lẹ́tà á sì tàn yòò. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á ka owó sílẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán ni o, ó ra òkùnkùn tí ọ̀gá fi àtàǹpàkò ṣe.

Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pe ojú kékeré yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e ló ń sọ di iná mànàmáná tín-ín-rín, ẹ̀rọ á sì ka iná náà sí iye kan. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀: oòrùn ọ̀sán lè tó 100,000, inú ọ́fíìsì tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè tó 500, òṣùpá àrànmọ́jú kò tó 1. Bí iye náà bá pọ̀, láptọ́ọ̀pù á ní ọ̀sán ni, kò sì ní tan kíbọ́ọ̀dù bí o tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó nídìí. Wọ́n gbẹ́ àwọ̀ orí bọ́tìnì kí iná lè gba ojú lẹ́tà jáde láti ìsàlẹ̀. Lórí bọ́tìnì aláwọ̀ fàdákà, bí iná funfun bá tàn nínú ìmọ́lẹ̀, lẹ́tà náà á pòórá mọ́ bọ́tìnì lára, ìwọ tó tanná kí o lè ríran á wá máa wá A kiri.

Àwọn òyìnbó náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọgbọ́n sí i. IBM ti fi àtùpà kékeré kan sí òkè ojú láptọ́ọ̀pù ThinkPad rí, tó ń tàn sílẹ̀ sórí bọ́tìnì. Ní tèmi, ìyẹn ló gbọ́n jù, nítorí bí o bá gbé ìwé lé orí kíbọ́ọ̀dù, wàá kà á. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kíní ọdún 2003, Apple gbé láptọ́ọ̀pù PowerBook G4 tí ojú rẹ̀ tó ínṣì 17 jáde, tí iná rẹ̀ ń ti abẹ́ bọ́tìnì wá, tó sì ní sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ìgbà tó yẹ kó tàn fún un. Ojú ríran, ọkàn fẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà ni àtùpà òkè ti ń di ohun àtijọ́.

Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣe ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ìyànà Ìbà títí dé Okokomáíkò. Iná lọ lóru. Gílóòbù kú, fáànù dúró, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló tàn. Olówó ẹ̀ jókòó bí ọba. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, iná dé, gbogbo àdúgbò hó: "Up NEPA!" (Ọdún 2005 ni ìjọba ti sọ NEPA, iléeṣẹ́ iná rẹ̀, di PHCN, wọ́n sì tà á fún àwọn aládàáni bí EKEDC ní 2013, ṣùgbọ́n ta ni ahọ́n rẹ̀ lè gbé "Up EKEDC"?) Gbogbo ilé mọ́lẹ̀ kedere, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló kú. Bí àwọn èèyàn bá ń yọ̀, tirẹ̀ ni kó máa ṣọ̀fọ̀.

Òmíràn tún wà. Ojú sẹ́ńsọ̀ kò wo bọ́tìnì rárá, ìwọ tó jókòó síwájú ẹ̀rọ ló ń wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àtùpà alágbára sẹ́yìn ara rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á rí àtùpà, á ní ilẹ̀ mọ́. Òjìji akẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì bo gbogbo bọ́tìnì mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ń bá a jiyàn pé kò sókùnkùn níbi tí ìka ọwọ́ rẹ̀ wà. Àwọn láptọ́ọ̀pù tí kò ní sẹ́ńsọ̀ náà ní ìṣe tiwọn: ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí o bá simi díẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, á paná kó má bàa jẹ bátìrì. O dúró ronú lórí gbólóhùn kan, òkùnkùn dé. Kí o tó lè rí bọ́tìnì, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì tí o kò rí.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tó ń lẹ téèpù mọ́ kámẹ́rà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, àwòrán Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, jáde, téèpù sì wà lójú kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí olè kankan ò rántí ní Ọ̀jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ téèpù. Bí téèpù náà bá fẹ̀ jù, á bo sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú. Apple alára ti kìlọ̀ lọ́dún 2020 pé ohun tí a fi bo kámẹ́rà lè dí sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ni láptọ́ọ̀pù bá gbà pé òru ni ní agogo méjì ọ̀sán: ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, lẹ́tà rẹ̀ ń tàn. Ẹni tó ni ín á wá máa ṣépè fún Àlàbá pé ayédèrú ni wọ́n tà fóun. Bí ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi ló lẹ téèpù yẹn, kò ní yàtọ̀, nítorí sẹ́ńsọ̀ kì í kí sálúùtì. Irú òkùnkùn yìí ni àwọn àgbà mọ̀.

Mo ti rí ilé tí kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta ń tàn ní yàrá mẹ́ta, tí àtẹ̀gùn ilé sì ṣú dùdù débi pé ìyá tó ń gbé omi gòkè ń fi ẹsẹ̀ ka àtẹ̀gùn. Lẹ́tà ń ríná, ìyá ò ríná. Bí àwọn tó ń gbé yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dá owó gílóòbù onísólà kan, yóò jẹ́ ìdá kékeré nínú owó tí wọ́n fi kún láptọ́ọ̀pù wọn nítorí "ó ń tanná". Wọn ò dá a, torí iná àtẹ̀gùn kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Àlàbá, ẹ béèrè bátìrì kí ẹ tó béèrè iná, nítorí inú bátìrì náà ni iná kíbọ́ọ̀dù ti ń jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì wá bọ́tìnì F àti J. Ìlà kékeré kan yọ sókè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi í síbẹ̀ kí ìka lè mọ ibi tó wà láìwò. Kò ní sẹ́ńsọ̀, kò jẹ bátìrì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo láptọ́ọ̀pù ló ní in, títí kan èyí tó pọ́ọ́kú lọ́jà. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í tẹ̀wé.