Lẹ́tà sí Ọ̀gá Alágolo Ọ̀dà Pupa

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọ̀dà. Gbangba ni mo ti ní kí n kí yín, nítorí iṣẹ́ tiyín kì í ṣe iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀. Gbogbo ògiri ló mọ̀ yín. Ibi tí ẹ bá ti gbà kọjá, ilé á sọ: àgbélébùú pupa gbàgẹ̀dẹ̀ tó ń sọ pé wọ́n á wó o, nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà tó pọ̀jù á sì máa ṣàn bọ̀ nílẹ̀ títí yóò fi kan bẹ́ǹṣì tí onílé ń jókòó sí. Onílé lè má tíì jí. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i, á ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á sì sáré wọlé lọ pe ìyá rẹ̀.

Ẹ má bínú pé n kò dárúkọ yín, n kò mọ̀ ọ́n ni. Ọwọ́ yín la mọ̀, a kò mọ ojú yín. Ẹ lè jẹ́ ẹnì kan, ẹ sì lè pé ogún. Ẹ lè ti Òṣogbo wá, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ Ilé-Ifẹ̀ gan-an ni yín, tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ títì kan tí ẹ̀yin fúnra yín máa kùn lọ́jọ́ kan. Agolo kan náà lẹ jọ ń gbé.

Sábó, àdúgbò kan nínú Ilé-Ifẹ̀ tí Yorùbá àti Háúsá ti jọ ń gbé, ló mú mi kọ̀wé. Ìjọba Gómìnà Adélékè ti kéde afárá olókè fún Lágere, ẹni tó bá sì mọ Ifẹ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń tún Lágere ṣe, ojú ìjọba kò ní pẹ́ kan Sábó. N kò ní kẹ́ ẹ má wá o. Sábó ń fẹ́ yín, kódà ẹ ti pẹ́. Bí òjò bá fi lè rọ̀ dáadáa, omi gọ́tà á jáde wá kí wa lójú títì, èèpo àlùbọ́sà àti ọ̀rá omi á máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, alábárò àti ọkọ̀ ńlá tó kó àlùbọ́sà dé láti òkè Ọya, gbogbo wọn ló ń du ojú ọ̀nà tí kò gba ìdajì wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ ni kò níbi tó máa gbà. Ta ló máa rí ìyẹn tí yóò ní kí títì wà bẹ́ẹ̀? Ẹ wá. Agolo yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ifẹ̀ yangàn díẹ̀, ẹ ó fara dà á. Kí ọ̀dà títì tó dé ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń tẹ́ títì nílùú tí ẹ ń gbé agolo káàkiri yìí. Ìtàn sọ pé Lúwòó, obìnrin kan ṣoṣo tó jẹ Ọọ̀ni nínú gbogbo àwọn tí à ń ka orúkọ wọn, ni kò gbà kí ẹrẹ̀ ta sí òun lẹ́sẹ̀, ló bá ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìlú. Wọ́n kó àfọ́kù ìkòkò jọ, wọ́n tò ó ní ìdúró, wọ́n dà á gẹ̀rẹ́ sọ́tùn-ún, wọ́n dà á gẹ̀rẹ́ sósì, bí eegun ẹ̀yìn ẹja, wọ́n sì fi òkúta funfun há a láàárín níbòmíràn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú púpọ̀ jáde nínú rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rúndún 12 sí 15 ni wọ́n tẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó wà nílẹ̀ di òní. Ẹ lọ wo títì tí wọ́n ṣe níjelòó ní ìlú yìí, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tó máa pẹ́ jù fún mi.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, pé Lúwòó náà kò pe ìpàdé àdúgbò, àṣẹ ló pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò ilé ará ìlú ló fọ́, ọwọ́ ará ìlú ló tò ó, kò sì sí ìtàn tó sọ fún wa pé Kábíyèsí kọ́kọ́ rán ẹnì kan jáde lóru pé kó lọ fi osùn sàmì sára ògiri.

Ẹ̀yin lẹ kàwé jù mí lọ, ẹ̀yin náà lẹ sì mọ òfin, nítorí náà ìrántí lásán ni mo fẹ́ ṣe. Ní 1992, ìjọba ológun gbé òfin ètò ìlú àti agbègbè jáde, Díkíríì 88. Apá kan wà níbẹ̀ tó dá lé àtúnṣe àdúgbò tó ti gbó. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí àwọn tó ń gbé àdúgbò náà, ọ́fíìsì ètò ìlú àti ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ para pọ̀ ṣe é. Sọ́jà ló kọ ìyẹn o, ẹ̀gbọ́n! Ẹni tó fi ìbọn gbàjọba rántí ìyá alákàrà, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìjọba tí ìyá alákàrà dìbò yàn lẹ ń bá ṣiṣẹ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ ò sì lè ní Àbújá ló so yín lọ́wọ́, nítorí ní 2003 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a, nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀, pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú.

Ìwé gan-an ti wà nílẹ̀. Àjọ UN-Habitat bá ìjọba Ọ̀ṣun ṣe ìwé ètò fún ìlú mẹ́sàn-án, Ilé-Ifẹ̀ sì ní tirẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 2014 tí yóò parí sí 2033. Ìdajì àkókò rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ní àwọn pe aráàlú sí ìpàdé, mo sì gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sínú ìwé náà láti páálí dé páálí. Ẹ dúró sí Sábó lónìí, kẹ́ ẹ bi ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó bá kọjá bóyá wọ́n mọ̀ pé ìlú wọn ní ètò tó ń lọ sí 2033. Mo dúró de èsì tẹ́ ẹ bá gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an. Ní 1955, ìjọba ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó dọ̀tí, pé kò yẹ olú-ìlú orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. LEDB ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, àjọ tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku kó wọ̀lú. Wọ́n wó, wọ́n sì kó àwọn kan lọ sí Sùúrùlérè, sínú ilé tuntun tó mọ́. Òyìnbó kan, Peter Marris, tọ̀ wọ́n lọ, ó bá wọn sọ̀rọ̀ nílé wọn, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ó rí i pé ilé dára, ṣùgbọ́n ọjà kò yá. Ìyá tó ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Èkó, tí oníbàárà ń kọsẹ̀ lára ọjà rẹ̀, kò rí ẹni rà á mọ́ ní Sùúrùlérè. Ọmọ ìyá tí wọ́n jọ ń pín iyọ̀ lágbo ilé wá di ẹni tí a ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí. Kò sí ẹni tó gbìmọ̀ láti sọ wọ́n di tálákà. Àwọn tó yàwòrán ni kò ka ẹnu ọ̀nà mọ́ ibi iṣẹ́.

Ní Èkó kan náà, lẹ́yìn tí ìjọba wó ilé orí omi ní Mákòókó ní 2012, àwọn ará ibẹ̀ pe àwọn ayàwòrán-ilé àti olùṣètò ìlú mọ́ra, wọ́n fúnra wọn ṣe ètò àtúnṣe fún Mákòókó àti Ìwáyà, wọ́n sì gbé e lọ fún ìjọba ní 2014. Bí ẹni tó ń gbé lórí ọ̀sà bá lè ṣe ètò àdúgbò rẹ̀, ṣé ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ ní Sábó ni kò ní lè ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó láàárín Yorùbá àti Háúsá. Ọlọ́pàá ní ènìyàn 46 ló kú. Ilé jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná, wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé. Láti ọjọ́ náà, ògiri kì í ṣe ògiri lásán mọ́ ní Sábó. Bí ẹ bá fi ọ̀dà sàmì sí ṣọ́ọ̀bù Háúsá mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí ẹ sì fo ti Yorùbá tó kàn án, ẹ̀yin ó ní bí ìlà títì ṣe gbà nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní wọ́n tún ti dé. Bí ẹ bá sì ṣe é lódì kejì, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni yóò jáde lápá kejì. Téèpù tí ẹ fi ń wọn ilẹ̀ kò mọ èyí. Séríkí, olórí àwọn Háúsá, mọ̀ ọ́n, àwọn olórí àdúgbò mọ̀ ọ́n, àwọn obìnrin tó jókòó ti ara wọn nídìí àtẹ mọ̀ ọ́n jù. Ibi tí Yorùbá àti Háúsá bá ti jọ tẹ orí ba àwòrán kan, tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí gọ́tà, ó dára ju ibi tí kálukú ti jí bá àmì pupa lára ògiri rẹ̀.

Ó yá, ìgbà wo ni kẹ́ ẹ wá? Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wá ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, tí ọ̀gá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tán. Ẹ wá lọ́sàn-án Jímọ̀. Ẹní àti bútà ni ẹ ó bá lójú ibi tí ẹ ti fa ìlà pé ọkọ̀ yóò máa gbà. Ṣé ẹ máa ní kí wọ́n má kírun ni, àbí ẹ máa wá ibi tí ọkọ̀ yóò yà sí fún wákàtí kan? Ìbéèrè gidi nìyẹn, àwọn onímọ́tò tó ń gba ibẹ̀ sì ti ní ìdáhùn tiwọn tipẹ́.

Ẹ padà wá lóru. Ìgbà náà ni Sábó ń bẹ̀rẹ̀. Èéfín sùúyà á ti gba ojú títì kan. Aláṣáì á gbé ife kan sókè, á sọ ìkejì kalẹ̀ nísàlẹ̀, á máa da tíì láti òkè bọ̀ nílẹ̀ láìta ẹ̀kán sílẹ̀, fóòmù rẹ̀ á máa ga. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà lórí síláàbù gọ́tà, mo mọ̀. Nínú ìwé tiyín, ìdíwọ́ lẹ ń pe bẹ́ǹṣì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó lórí rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ ní kó po ife kan fún yín. Ẹ ó rí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ tó ń bọ̀ látibi iṣẹ́, á kúrò ní òdìkejì tó ṣókùnkùn, á wá gba ẹ̀gbẹ́ aláṣáì kọjá, nítorí iná kékeré tó wà níbẹ̀ àti ojú àwọn tó jókòó. Bẹ́ǹṣì tí ẹ fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ yìí ló ń ṣọ́ títì fún ìjọba, kò sì gba owó oṣù. Ẹ bá a wá ibi tó dára tó máa jókòó sí, kẹ́ ẹ ṣí gọ́tà. Méjèèjì ṣeé ṣe, bí ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé kátapílà dé.

Ẹ bi ìyá alákàrà léèrè ibi tí omi ń gbà. Kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ti ń ká àdògán rẹ̀ kúrò lójú àgbàrá láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó sì mọ ibi tí omi ń dúró àti ibi tó ti ń já. Ẹ bi awakọ̀ ẹlẹ́rù ibi tó lè já àlùbọ́sà sí tí kò ní di ọ̀nà. Ẹ bi àwọn alábárò, nítorí kò sí kòtò kan lójú títì tí ẹsẹ̀ wọn kò mọ̀. Bí ẹ bá ń wá ọwọ́ kún ọwọ́, yunifásítì OAU ń kọ́ àwọn ọmọ ní ètò ìlú níbí nínú Ifẹ̀, ìrìn kẹ̀kẹ́ lásán ni sí Sábó. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde pẹ̀lú bébà àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí àwọn ará Sábó fi ẹsẹ̀ nù ún, kí wọ́n tún un yà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní aráàlú kì í fẹnu kò, pé ìpàdé á gùn, pé onílé á ní kí wọ́n má fọwọ́ kan tòun, kí wọ́n wó ti aládùúgbò. Ẹ ò purọ́. Mo ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ariwo rẹ̀ lè dí ènìyàn létí. Ṣùgbọ́n ariwo ìpàdé kò náni ní nǹkan kan bí kò ṣe mineral àti búrẹ́dì. Ẹjọ́, owó ìtanràn, àti títì tí ọjà tún padà sí lórí lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ lé wọn, ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ìyẹn ń ná ìjọba.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí ẹ tó sàmì kan sí Sábó, ẹ lẹ àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ ṣe mọ́ gbangba: lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní gáréèjì, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Háúsá. Ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì sí i lábẹ́. Ẹ fún wa ní oṣù kan ká fi wò ó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá jókòó pẹ̀lú wa lọ́sàn-án Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu wa, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú wa.

Tiyín ní tòótọ́,
Ará Ilé-Ifẹ̀ kan