Owó Ihò Tí Mo Sá Fún

Àgbàlagbà tó bá ní òun fẹ́ kan ẹ̀rọ géèmù sínú ilé, ẹ má bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú ló máa tì í. Èmi ni mò ń wí. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo níṣẹ́ lọ́wọ́, mo ń san owó ilé, síbẹ̀ ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn ni bí mo ṣe máa ní irú ẹ̀rọ gàgàrà tí wọ́n ń sọ owó sí lẹ́nu nígbà tí Street Fighter II jáde lọ́dún 1991. Mo ra pátákó, mo gé e, mo kàn án, mo sì ki kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi sí i nínú. Ìbejì ló wà nílé mi, torí náà ti ẹni méjì ni mo ṣe. Táíwò ní ọ̀pá ìdarí kan àti bọ́tìnnì 8: mẹ́fà fún ìjà, ọ̀kan fún owó, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́yìndé náà ní iye kan náà. Bí mo bá ṣe ti ẹnì kan, ìjà tí màá máa là nínú pálọ̀ á ju ti inú géèmù lọ.

Orí pátákó ìdarí yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ àwòrán aláràbarà sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ máa ń làágùn, ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn kì í sì í pẹ́ dà nù. A ní láti fi ohun tó mọ́ gaara bò ó. Ohun mẹ́ta ló wà nílẹ̀: gíláàsì, Perspex tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Plexiglas, àti polycarbonate.

Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn pé kí n mú Perspex. Mo yínmú. Mo ní ike lásán ni. Gíláàsì ni mo fẹ́, kì í sì í ṣe gbẹ̀fẹ́ gíláàsì: èyí tí wọ́n ń pè ní toughened ni, tó nípọn tó mílímítà 6. Ìwé tí mo fi béèrè rẹ̀ bi mí bóyá ihò máa wà lára rẹ̀, torí wọ́n ń gbowó lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Mo ka ihò mi: bọ́tìnnì 16, ọ̀pá 2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18. Mo wo owó rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ihò. Ṣé mi ò ní dírílì nílé ni?

Gíláàsì dé, ó ń dán. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì inú ilé ìdáná, mo ki abẹ́rẹ́ olórí dáyámọ́ńdì bọ dírílì, mo ń kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀gá. Ó ń lọ dáadáa. Mo ti ń yin ara mi nígbà tí mo gbọ́ gbàà! Gíláàsì kò sí lábẹ́ ọwọ́ mi mọ́. Láti etí kan dé èkejì, gbogbo rẹ̀ di wẹ́wẹ́. Ó wà nínú síńkì, ó wà nínú bàtà mi, ó wà nínú ẹ̀wà tí ìyàwó mi rẹ sómi fún àkàrà. Ìyàwó mi yọjú wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, gaàrí yín ti dà sílẹ̀ o. Ẹ wá ṣà á.” Bí ẹ̀wà ṣe bá ti gíláàsì lọ nìyẹn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n máa ń mú irú gíláàsì yẹn gbóná kọjá 600 lórí ìwọ̀n Celsius, kí wọ́n tó fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójijì. Òde á kọ́kọ́ le. Bí inú bá wá ń tutù, á máa fa òde mọ́ra. Òde ń fún pọ̀, inú ń fà, ìfàkáfà yẹn ló sì fún un lágbára. Bí dírílì bá ti gba òde kọjá, ohun gbogbo tú ká nìyẹn. Ihò tí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ bá máa ní, kó tó wọ iná ni wọ́n ti ń lu ú.

Ni mo bá padà sídìí ike tí mo yínmú sí. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ mi: òun làwọn Òyìnbó fi bo orí awakọ̀ òfuurufú ajagun tí wọ́n ń pè ní Spitfire nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì tó ìdajì gíláàsì ní ìwúwo. Mo ra èyí tó nípọn tó mílímítà 3. Ẹni tó ti fọ́ gíláàsì, ó yẹ kó ti gbọ́n. Èmi kọ́kọ́ bó ọ̀rá tí wọ́n fi dáàbò bo ojú rẹ̀, kí n lè máa wo dídán rẹ̀; lójú ẹsẹ̀ ni eruku ilé sáré wá lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá fi abẹ́rẹ́ tí a fi ń lu irin sáré lu ú, láìfi pátákó tì í lábẹ́. Bó ṣe fẹ́ yọ lódìkejì ló há sí i lára, ó gbé e sókè, ike sán láti ihò dé etí. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ojú mi ni tèmi ṣe bàjẹ́.

Ẹnì kan ní kí n mú polycarbonate, pé bí mo fi òòlù lù ú, kò ní í fọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tètè máa ń họ, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ní èékánná.

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń fi laser gé Perspex. Wọ́n gé e gẹ́lẹ́ bí mo ṣe yà á. Èmi ni mo yà á gbòdì. Bọ́tìnnì Sanwa ti ilẹ̀ Japan ni mo rà, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 30. Ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà, bíi 28, ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n tún un gé, mo tún sanwó.

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo bọ́tìnnì wọlé. Mo ní kí n nu ún kó lè dán lójú àlejò, mo fọ́n omi ìnu-fèrèsé tó ní ọtí nínú sí i. Nígbà tó yá, ìlà tín-ín-rín sán yí àwọn ihò náà ká. Èèwọ̀ Perspex ni ọtí àti ammonia, pàápàá èyí tí laser gé, torí ooru rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara etí ihò balẹ̀ mọ́. Kẹ́yìndé bi mí bóyá mọ̀nàmọ́ná ni mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àrà tuntun ni. Táíwò ní ti òun kò pọ̀ tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan tiyín, ihò ni kẹ́ ẹ rò, ẹ má wo dídán. Gíláàsì dára níwájú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀rọ náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í lu nǹkan. Perspex ló yẹ abẹ́ ọwọ́. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀ nu ún. Ẹ ra bọ́tìnnì kẹ́ ẹ tó wọn ihò, ẹ wọn ihò kẹ́ ẹ tó ra ìbòrí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù bá yín lu ú. Owó rẹ̀ kò tó owó gíláàsì, ike méjì àti ẹ̀wà.