Àǹtí Dán-an-wò

Ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀. Bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn á ti dà bí aṣọ òfì: ilà pupa kan, ilà àlùkò kan, ilà kan tó jọ kọfí, òmíràn tó jọ omi ìṣápá, àti ọ̀kan tó ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyanrìn fọ̀. Lípsítíìkì ló fi fa gbogbo wọn. Kò ì tíì ra ọ̀kankan, ó ń dán wọn wò ni. Ọ̀tún ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń polówó ọjà ọlọ́jà kiri ìgboro Ìbàdàn.

Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n yàtọ̀ síra. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì wa, ọ̀kan ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan jẹ́ ìyàwó ilé wa, ìyẹn ni mo ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Àǹtí Dán-an-wò ni mo ń pe gbogbo wọn, torí ẹ bá wọn dé ibi tí ẹ bá wọn dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Ẹ jẹ́ kí n kàn dán an wò.”

Ẹ wò ó ní Dùgbẹ̀. Ọmọ tó ń tajà lábẹ́ agbòjò ti rí i láti òkèèrè. “Àǹtí arẹwà, ẹ wá wo kọ́lọ̀ tuntun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni!” Wọn kì í pe Àǹtí lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́sítà wà níbẹ̀, wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì bí àgbò iléyá, ìdérí rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó fà á sí ọwọ́. Ó wo ọwọ́, ó wo dígí, ó ní ti ọwọ́ kò lè jọ ti ètè. Ló bá fi kan ẹnu. Obìnrin yìí kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu omi nínú ife kan náà, ó ní àrùn pọ̀ nílùú. Ohun tí gbogbo Dùgbẹ̀ ti fi ẹnu kàn láti àárọ̀ ló wá ń fi pa ètè yẹn, tó ń tẹ ètè méjèèjì mọ́ra, tó ń ṣe “múà” sí dígí.

Mo bi í pé ṣé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó mú ìwé ẹ̀rí ìbí wá. Láti ọdún 1993 tí òfin ti dá àjọ yẹn sílẹ̀, ìpara ojú àti ti ètè wà lára ohun tó wà lábẹ́ àmójútó wọn, bí oúnjẹ, bí oògùn. Àǹtí ò mọ èyí. Mo tún fi àwòrán agolo kékeré kan hàn án ní ìdí ọjà náà, agolo tó ṣí lórí, tí wọ́n kọ 12M sí i. Ó ní “medium” ni. Oṣù méjìlá ni o, ẹ̀yin ènìyàn mi: bí ẹ bá ti ṣí i, oṣù méjìlá péré ló kù tó fi dára lára. Ọ̀kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó ti ṣí nígbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ọmọ náà ti wọ píràmárì báyìí.

Ó mọ àwọn orúkọ, kí á má parọ́ mọ́ ọn. Kò mọ ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọdún 2017 ni Rihanna gbé Fenty Beauty jáde, pé oríṣi àwọ̀ 40 ni fandéṣọ̀n rẹ̀ ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó mú inú ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú dùn nígbà náà ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á rí ẹyọ kan tó bá ojú rẹ̀ mu. Àǹtí gbọ́ 40. Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìyẹn ló ṣe ń kó ayédèrú olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ jọ lábẹ́ agbòjò, tí ojú rẹ̀ fi ń pọ́n bíi bíríkì lọ́sẹ̀ yìí, tó sì ń dà bí eérú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tún ra ọ̀kan tí wọ́n kọ “nude” sí ìdí rẹ̀, tó funfun bí ìdí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Wọ́n ní ìhòòhò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìhòòhò ta ni? Kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn tó fi ń sanwó. “Kò kúkú wọ́n.” Kò sọ pé ó dára. Kò sọ pé òun nílò rẹ̀. Kò sọ pé èyí tó wà nílé ti tán, torí kò tán rí. “Kò kúkú wọ́n.” Ẹ fetí sí “kúkú” yẹn dáadáa, òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó máa ń fà á, á gbé èjìká sókè, bí ẹni pé ọlọ́jà lòun ń ṣàánú, bí ẹni pé ìwà ìkà ni kéèyàn rí ohun tí kò wọ́n kó sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ti gbọ́ “kò kúkú wọ́n” lórí pẹ́ńsùlù ojú aláwọ̀ ewé. Mo gbọ́ ọ lórí àtíkè tó funfun ju eyín rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ lórí ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ tó gùn tó ìgbálẹ̀. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó ra lípsítíìkì dúdú, dúdú bí ìdí ìkòkò, obìnrin tó jẹ́ pé ìwé owó ló ń kọ ní ọ́fíìsì. Ta ló fẹ́ dẹ́rù bà?

Obìnrin kan náà yìí ló bá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ fa ọ̀rọ̀ ní Bódìjà nítorí ọgọ́rùn-ún náírà. Ìdì tẹ̀tẹ̀ kan. Ó tú u wò, ó ní ewé rẹ̀ kéré, ó ní kí ìyá arúgbó fi ènì sí i, ó lọ, ó padà, ó tún lọ. “Ẹ̀yin wọ̀nyí ti fẹ́ pa wá! Kí ló dé tí gbogbo nǹkan wọ́n báyìí?” Ojú mi rí i, etí mi gbọ́ ọ. Ohun tó máa dé inú ọmọ rẹ̀ wọ́n. Ohun tó máa sùn nínú dúrọ́ọ̀ kò kúkú wọ́n.

Sísùn náà ni wọ́n sì ń sùn. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ, tí iṣẹ́ dúró, ó da pọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí tábìlì torí ó ń wá kọ́kọ́rọ́. Mo ka lípsítíìkì tó jábọ́. Mẹ́rìndínlógún. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, n kò tọrọ àyè. Orí gbogbo wọn ṣì mú ṣóńṣó bó ṣe kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Méjì ti ń làágùn, ọ̀kan ń rùn bí epo tó ti bà jẹ́. Mẹ́rin pupa lọ́nà tó jẹ́ pé ìyá tó bí wọn ò lè mọ èyí tó kọ́kọ́ bí. Mo tò wọ́n, mo ní kó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi. “Eléyìí, pupa ti òde ìgbéyàwó. Eléyìí, ti ọ́fíìsì. Eléyìí, ti ọjọ́ Àìkú. Eléyìí...” Ó gbé e sókè, ó wò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Eléyìí, mo kàn dán an wò ni.”

N kò tíì rí ìdí lípsítíìkì lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó tán mọ ohun tí mò ń wí: ìgbà tó bá kù sínú ike, tí ẹ ó fi igi ìṣáná yọ ọ́. Kò tíì débẹ̀ rí láyé.

Tíì ni ẹ̀yà kejì àìsàn dán-an-wò yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohunkóhun tó bá gbóná nínú ife ni tíì. Bournvita ni tíì, Milo ni tíì, Lipton náà ni tíì, ẹni tó bá ní kí wọ́n po tíì fóun kì í ṣàlàyé. Ní báyìí, páálí mọ́kànlá ló wà nínú dúrọ́ọ̀ Àǹtí: ti atalẹ̀, ti ọsàn wẹ́wẹ́, ti mẹ́ńtì, ti sínámọ́nì, ti òdòdó tí òun gan-an ò lè pè, àti ti sitirọ́bẹ́rì tí òórùn nìkan ni wọ́n fi tàn án. Apò 25 ló ń wà nínú páálí kan. Ẹ kà á: 23 ló ṣẹ́ kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ fún ìtọ́wò, ìkejì fún fọ́tò. Kò sí ìkẹta.

Ó gbé ife kan bá mi lọ́jọ́ kan, omi inú rẹ̀ pupa fòò. Ó ní hibiscus ni, ohun tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò. Sóbò ni. Sóbò tí kò ní atalẹ̀, tí kò ní kànáfùrù, tí kò ní ìtìjú. Ohun táwọn àgbẹ̀ Jígáwá ń gbìn, tí Nàìjíríà ń kó lọ tà fún àwọn ará Mẹ́síkò, tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò ní Sábó, kò jìnnà sí ibi tá a jókòó sí. Kóoko ọba ńkọ́? Ó hù sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín, wọ́n sì ń sè é tí ibà bá dé. Àǹtí ní òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú páálí, tí wọ́n so okùn mọ́ ọn, tí wọ́n pè é ní lemongrass, ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì gbáko.

Bí dúrọ́ọ̀ bá kún, ẹ̀mí ọ̀làwọ́ á gùn ún. “Ẹ gbà, ẹ máa mu ún, kò bá mi lára mu.” Gbogbo wa là ń dúpẹ́. Kí là ń dúpẹ́ fún? Kò fún wa ní ẹ̀bùn, ó ń da ilẹ̀ nù ni, àwa la wá di ààtàn.

Èyí tó burú jù ni tíì tó ń mú ikùn wọlé. Ewé sẹ́nà ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, ewé tí wọ́n ń fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà. Ìfun ló ń lé, ọ̀rá kò gbọ́ sí i. Lọ́jọ́ tó dán an wò, ilẹ̀kùn tọ́lẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ò sinmi. Ó jáde nígbà karùn-ún, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ṣì pupa. “Ó ń ṣiṣẹ́!” Ó mu omi tó sọnù padà. Ìwọ̀n ara rẹ̀ náà padà síbi tó wà.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ ti dán oríṣi párága mẹ́sàn-án wò ní gáréèjì nítorí “ẹ̀yìn tó ń dùn mí”, tí ẹ̀yìn ọ̀hún ò sì san títí dòní, ẹ̀gbọ́n Àǹtí lẹ jẹ́.

N kò ní sọ fún un pé ìwà lẹwà. Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp rẹ̀ láàárọ̀ àná, fọ́tò ètè ló fi sábẹ́ rẹ̀. N kò sì ní kó padà sáyé àtijọ́. Ìgò tìróò kan àti osùn ni ìyá wa àgbà kùn títí wọ́n fi lọ, òjé ló sì wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò, ẹnikẹ́ni má fi bọ ojú nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mọ ojú ara wọn. Àǹtí ò tíì mọ tirẹ̀. Lórí tábìlì ọlọ́jà ló ti ń wá a, ó rò pé bí òun bá ra kọ́lọ̀ kan sí i, òun á ti pàdé ẹni tóun jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jù ú sínú pọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn tó kù.

Ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Alájọ máa ń wá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ́sẹ̀ ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Láti oṣù kejì ni àmì ò ti sí lórí káàdì rẹ̀ mọ́. “Bàbá, ẹ má bínú, owó ò sí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú le.” Bàbá wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wo ilà márààrún, wọ́n ki báírò bọ àpò, wọ́n kọjá sí tábìlì tó kàn. Èmi ni mo ṣírò ohun tó ń ná lọ́sẹ̀ kan. Lípsítíìkì kan, ₦1,500. Páálí tíì kan, ₦2,500. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. ₦208,000 nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀ tó wọ́n.

Ẹ ra ẹyọ kan. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ kùn ún tán kí ẹ tó ra òmíràn. Ẹ mu apò tíì kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàbá Alájọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.