Ogun Ojú Omi Tí Mo Jà ní Ìpàtà

Bí a bá ń ka àwọn balógun ojú omi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ri ara wọn sódò, kí ẹ má ṣe gbàgbé èmi, ọmọ aláta ọjà Ìpàtà, tí mo ti ja ogun orí omi ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, láìtíì fojú kan òkun rí. Ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tí ẹṣin jẹ́ eégún, tí ọ̀kọ̀ jẹ́ orò, odò Àṣá ni omi tí ó tóbi jù lọ lójú mi.

Tíṣà wa ni ó dá a sílẹ̀. Ó ròyìn ogun Àgídìǹgbì fún wa: bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kó ọkọ̀ ogun wọ ọ̀sà Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe to àgbá sétí omi dè wọ́n, tí ọkọ̀ wọn kan, Teazer, fi ìdí sọlẹ̀, àti bí Kòsọ́kọ́ ṣe padà sá kúrò nílùú, tí wọ́n sì dá Akítóyè, ọba àná, padà sórí oyè. Ìparí yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo pinnu láti gbé ogun náà wá sórí odò Àṣá, kí Kòsọ́kọ́ lè borí, kí èmi sì jẹ́ balógun rẹ̀.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé àwìn rẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀yìn ìwé àwìn náà ṣófo, mo bá fa ewé mẹ́jọ yọ níbẹ̀, láìmọ̀ pé ìbejì ni ewé ìwé: bí a bá fa ti ẹ̀yìn, èkejì rẹ̀ níwájú a tú. Mo fi abẹ́rẹ́ àpò rán wọn, mo fi páálí ṣúgà ṣe èèpo, mo sì fi tàdáwà ilé kéwú kọ ìtàn mi. N kò fi àmì ohùn kankan sí i, nítorí balógun wo ní í dúró fàmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí àgbá ń dún?

Mo gbé ìwé náà fún ọmọ alálùbọ́sà, tí ó jù mí lọ ní kíláàsì, pé kí ó kà á sétí ọjà. Ó gbóhùn sókè: “Kò sọ́kọ! Ogún ọkọ dojú kọ ogún ọkọ. Ìdí ọkọ mẹ́ta lu, omi ń wọlé, wọ́n sì rì!”

“Ọkọ ta ni?” ni ìyá rẹ̀ figbe bọnu, ẹni tí baálé rẹ̀ ti wà lẹ́yìn odi tipẹ́.

“Ọkọ̀ ni, ẹ̀yin ìyá! Ọkọ̀!”

“Ẹ gbọ́, ó ní ọkọ̀ ló gbé wọn lọ!”

Òkò tí a sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìyá mi já ìwé náà gbà. Kò mọ a, kò mọ b, ṣùgbọ́n ó mọ àpá ìka ata tí ó wà létí ìwé rẹ̀. Ó fa ìwé àwìn yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ewé mẹ́jọ sì jábọ́, atẹ́gùn gbé wọn. Ibi tí wọ́n gbà, àwọn ajigbèsè nìkan ló mọ̀.

Kò nà mí. Ó jókòó, ó ka gbogbo àwìn náà lórí, olúkúlùkù pẹ̀lú iye agbọ̀n tàtàṣé rẹ̀, kò fo ẹnì kan. Ìgbà náà ni ó yé mi pé kò fìgbà kankan nílò ìwé yẹn. Èmi ni ó ń fi í kọ́. Mo tún àwìn náà kọ títí ilẹ̀ fi ṣú, tòun ti àmì ohùn.