Ọ̀bẹ Kún Ilé, Kò Sí Èyí Tó Gé Tòmátì

Oṣù Kẹjọ ń parí lọ, ṣùgbọ́n ooru Houston kò tíì ṣe tán láti bá a lọ. Níbẹ̀, lásìkò yìí, ẹni tó wẹ̀ tán á ti tún làágùn kó tó wọ ṣòkòtò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń retí ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù, tí ìjọba fi ṣe ìsinmi, wọ́n sì ń ṣọ́ ojú ọ̀run bóyá òjò á jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Labor Day, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n fi ń dágbére fún ẹran sísun lẹ́yìnkùlé. Àkókò yìí gan-an ni àwọn olólùfẹ́ ọ̀bẹ máa ń kó ọ̀bẹ wọn síta. Wọn á nù ún, wọn á gbé e sójú oòrùn wò, wọn á fi í yangàn fún ara wọn.

Wàhálà ò sì gbẹ́yìn. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi kún iwájú Àgbà Ọlọ́bẹ, tó máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn, yálà wọ́n bèèrè fún irú èyí tó ń fúnni tàbí wọn kò bèèrè.

Ẹni àkọ́kọ́ fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí “Ìyàwó Ọlọ́bẹ, Houston.” Ó ní ọkọ òun ń ra ọ̀bẹ bí ẹni ń ra gúgúrú. Bí òun bá bèèrè iye owó tí ọ̀kan jẹ́, á ní, “Èyí? Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ mi.” Bí òun bá bèèrè pé mélòó ni gbogbo wọn, á rántí pé òun ní ìpàdé. Inú gáráàjì ni wọ́n ń gbé, kálukú nínú àkọ̀ awọ tirẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ mọ iye wọn láìsí ìjà.

Àgbà ní kí ìyàwó àwọn fọkàn balẹ̀, ooru Houston ti ń bá a ja ìjà náà. Awọ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ohun tí wọ́n sì fi ṣe é nílé ìṣawọ lè máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn. Irin tí wọ́n ń pè ní stainless pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Krómíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, tí kì í dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń ta ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè dípẹtà. Kì í tètè dípẹtà ni o, wọn ò sọ pé kì í dípẹtà rárá. Irin bíi 1095, tí kò ní krómíọ̀mù tó lè gbà á, lè sùn ní funfun kó jí ní pupa. Òwe ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Nínú gáráàjì Houston, àkọ̀ ti ń gbẹ̀san.

Nítorí náà, láàárọ̀ Sátidé, kí ìyàwó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìjẹun. Kó gbé àkísà mímọ́ kalẹ̀, pẹ̀lú òróró aláìlóòórùn tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, èyí tí kò ní ṣe oúnjẹ ní nǹkan kan. Kó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Olówó orí mi, mo gbọ́ pé awọ ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Ẹ kó gbogbo wọn wá, ẹ jẹ́ ká fi òróró pa wọ́n lára.” Ọkọ wo ló máa kọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀? Bó ṣe ń tò wọ́n sílẹ̀ ni kí ìyàwó máa yìn wọ́n lókè, kó máa kà wọ́n nísàlẹ̀. Bó bá kan èyí tí rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú páálí, kó má pariwo. Kó dì í mú, kó wo ọkọ rẹ̀ lójú, kó sì bèèrè pé, “Èyí náà ti pẹ́?”

Lẹ́tà kejì wá láti Atlanta, ìlú tí àfihàn ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní Blade Show ti máa ń wáyé nínú oṣù Kẹfà lọ́dọọdún. Ọmọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní “Ojú Ń Tì Mí” ní bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun bá ti jókòó sábẹ́ igi lópin ọ̀sẹ̀, orúkọ irin ni wọ́n á máa pè títí ilẹ̀ á fi ṣú. S30V rèé, D2 rèé. Ọ̀bẹ tòun kò lórúkọ. Kí ni kí òun sọ?

Àgbà kọ́kọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó lè fi jókòó láàárín wọn. Irin S30V jáde ní 2001. Iléeṣẹ́ Crucible ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, Chris Reeve, alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ tó wá láti South Africa, sì lọ́wọ́ sí i. Nọ́ńbà 95 tó wà nínú 1095 ń tọ́ka sí kábọ̀nù inú rẹ̀, nǹkan bí ìdá 0.95 nínú ọgọ́rùn-ún. D2 ní krómíọ̀mù tó tó ìdá 12, síbẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ ti so mọ́ kábọ̀nù, kò ráyè dáàbò bo irin, ìyẹn ni wọn kì í fi í kà á mọ́ stainless gidi. Bí ọ̀rẹ́ kan bá sì dárúkọ irin tí ọmọkùnrin náà kò gbọ́ rí, kó mi orí díẹ̀díẹ̀, kó wá bèèrè pé, “Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe fi iná sí i?” Ìbéèrè yìí kì í tì, nítorí bí wọ́n ṣe mú irin gbóná tí wọ́n sì mú un tutù lè ba irin olówó ńlá jẹ́, ó sì lè sọ irin yẹpẹrẹ di ẹni àpọ́nlé. Kálukú á dákẹ́, wọn á rò pé ọ̀gá ló dé.

Kó wá fa tòmátì yọ.

Tòmátì oṣù Kẹjọ ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀. Ọ̀bẹ tó kú á kọ́kọ́ tẹ èèpo wọlé, á hun ún jọ, lẹ́yìn náà ni tòmátì á bẹ́ tí omi rẹ̀ á ta sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ S30V láya. Ọ̀bẹ tó mú kò nílò agbára: bí a bá gbé e lé e tí a fà á díẹ̀, ìwúwo tirẹ̀ nìkan á gbé e wọlé. Kí ọmọkùnrin náà pọ́n tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òkúta Arkansas, tí wọ́n ń wà lágbègbè Hot Springs, dára fún un. Kó dẹ ọ̀bẹ sí nǹkan bí dìgírì 20. Bí kò bá mọ bó ṣe rí, kó gbé ọ̀bẹ nàró sórí òkúta, kó dà á sí ìdajì, kó tún un dà sí ìdajì ìyẹn, kó wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Kó máa pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí ọmọ ìka rẹ̀ á fi gbọ́ eteetí irin tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó tó yí i padà. Bí wọ́n bá wá ń bèèrè orúkọ irin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn, kó ní àṣírí ìdílé ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà ní Texas fi ọ̀bẹ Buck 110 ta á lọ́rẹ, irú èyí tí iléeṣẹ́ Buck ti ń ṣe láti 1964. Ó fẹ́ gbé e lọ sí páàkì lọ́jọ́ ìsinmi, kó fi gé ẹran níwájú àwọn ọmọge.

Àgbà ò bá a ṣeré níbí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 kò jẹ́ kí ènìyàn mú ọ̀bẹ rìn níta láìní ìdí gúnmọ́, àfi èyí tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínṣì 3 lọ, tí kì í sì í há bí a bá ṣí i. Ẹnu Buck 110 gùn tó ínṣì 3¾, ó sì máa ń há gbagidi. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì nínú ọ̀bẹ kan ṣoṣo, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n mú ló gbọ́dọ̀ fi ìdí gúnmọ́ náà hàn, “mo fẹ́ fi í ṣe fáàrí” kò sì sí lára rẹ̀. Kó gé ẹran náà nílé, kó kó o sínú kúlà. Ní ti Buck, kó gbé e fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Kò ní rí i gbà mọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá náà kò ní rí i.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọkọ kan ní Maryland. Bàbá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn láti Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi ní bálíkónì lópin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀bẹ Opinel tí ọkọ yá a há sínú èèkù, ó kọ̀ kò jáde. Bàbá ní ayédèrú ọ̀bẹ ni ọkọ ọmọ òun gbé fún òun. Èérún igi sì ti gba bálíkónì kan.

Ọ̀bẹ náà kì í ṣe ayédèrú. Láti 1890 ni Joseph Opinel ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Savoie, nílẹ̀ Faransé, igi ni èèkù rẹ̀, igi a sì máa wú bó bá mu omi. Àwọn ará Savoie ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rí i pé òrùka irin ọrùn rẹ̀, èyí tí wọ́n fi kún un ní 1955, wà ní ṣíṣí, wọ́n á wá gbá ìdí èèkù náà mọ́ tábìlì, ṣónṣó ọ̀bẹ á sì yọ jáde. Kí ọkọ ṣe é níṣojú bàbá láìsọ̀rọ̀, kó ṣe bí ẹni pé ojoojúmọ́ ló ń ṣe é. Kó wá gbé ọ̀bẹ sí ibòòji kó gbẹ.

Ní ti èérún igi, kó má ráhùn. Kó ra igi maple tàbí cherry fún bàbá, kó ní orógùn àmàlà ni ilé àwọn ṣaláìní. Igi basswood tí àwọn akọ́ṣẹ́ ń lò rọ̀ jù fún àmàlà, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò rò ó.

Bí ọjọ́ ìrìnàjò bá sì pé, inú àpótí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀bẹ náà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe àpò agbádá bàbá. Bàbá lè ní òun gbọ́ pé wọ́n ti fàyè gba ọ̀bẹ kékeré. Lóòótọ́, nínú oṣù Kẹta 2013, àjọ TSA, tó ń rí sí ààbò ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, kéde bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú fárígá, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, àjọ náà ti jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Kí ọkọ má fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún àna rẹ̀ o. Ìyàwó rẹ̀ ni kó rán, lẹ́yìn tí bàbá bá ti jẹ àmàlà yó.