Oyin Inú Àpáta Láìlo Àáké

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀rọ̀ náà ti gbó lójú àwọn ọ̀mọ̀ràn òde òní, wọ́n sì ti bá wa tún un ṣe. Wọ́n ní: ẹ ta àáké, ẹ pín owó rẹ̀ fún àwọn tó ti ní oyin nílé, kí ẹ wá jókòó sídìí àpáta. Bí inú àpáta bá dùn tán, yóò la ẹnu fúnra rẹ̀, oyin yóò sì ṣàn wá bá yín.

Bí ẹ bá rò pé àwàdà ni, ẹ bi àwọn ará Kansas, ìpínlẹ̀ àgbẹ̀ alálìkámà tó wà láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, gómìnà wọn, Sam Brownback, fọwọ́ sí òfin tó gé owó orí. Àwọn tí owó wọn pọ̀ jù, tí wọ́n ń san 6.45 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, bọ́ sí 4.9. Ìyẹn ò tó. Àwọn onílé-iṣẹ́ tí èrè ń wọ àpò wọn tààrà kò ní san kọ́bọ̀ fún ìpínlẹ̀ lórí èrè náà mọ́. Gómìnà ní òfin òun yóò dà bí abẹ́rẹ́ agbára tí a gún sí ọkàn ọrọ̀ ajé Kansas. Arthur Laffer, tó ti ń wàásù láti ayé Ààrẹ Reagan pé bí ìjọba bá gé owó orí, ọrọ̀ yóò gbèrú, wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn.

Abẹ́rẹ́ wọlé, aláìsàn ò dìde. Nígbà tí ọdún ìṣúná 2014 fi parí, owó orí tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 700 dọ́là dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Wọ́n ti fojú bù ú pé bíi 191,000 onílé-iṣẹ́ ni òfin náà yóò kàn. Àwọn tó jáde wá gbà á lé ní 330,000. Ta ni yóò gbọ́ pé ọ̀fẹ́ wà fún ilé-iṣẹ́ tí kò ní sọ ara rẹ̀ di ilé-iṣẹ́? Agbáwo ń san owó orí lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ilé oúnjẹ ń nu ẹnu, kò san nǹkan kan.

Nígbà tí àpò gbẹ, wọ́n yọ́ lọ sídìí owó títì. Wọ́n kó o débi pé àwọn ará ìlú ń fi ẹ̀ka iṣẹ́ títì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní báńkì. Ní 2014, Moody's àti Standard & Poor's, tí wọ́n máa ń sọ ẹni tó ṣeé yá lówó, já ìpínlẹ̀ náà wálẹ̀. Ní 2015, àwọn àgbègbè kan ti ilé-ẹ̀kọ́ kí àkókò tó pé, nítorí owó ti tán. Lọ́dún yẹn kan náà, owó orí ọjà kúrò ní 6.15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 6.5, kò sì yọ oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n! Wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí ẹni tó ń ka èrè, wọ́n gbé e ka orí ẹni tó ń ra búrẹ́dì.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, àwọn aṣòfin dá owó orí padà. Brownback kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ìbò 88 sí 31 nílé kan, 27 sí 13 nílé kejì, ni wọ́n fi borí kíkọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Republican tí í ṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù nílé méjèèjì. Nígbà tí ọdún 2018 bẹ̀rẹ̀, ó fi ipò sílẹ̀, ó di aṣojú Amẹ́ríkà fún òmìnira ẹ̀sìn kárí ayé. Iṣẹ́ náà tọ́ sí i. Ẹni tó fi ọdún márùn-ún gba ohun tí kò rí gbọ́, kí ni a tún fẹ́ kọ́ ọ nípa ìgbàgbọ́?

Ká tó fi Kansas rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ ká bojú wo ilé. Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bu owó lé àwọn èèyàn nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìlú fárí gá. Kí ló kan èmi nínú ọmọ ọlọ́mọ? Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nílé wọn. Síbẹ̀ wọn ò gbé àáké jù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bíi 457,000, ó lé ní 811,000. Nígbà tí ìbò ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn dé ní 1956, Action Group ló wọlé. Lónìí, gbogbo ilé ló ń yangàn pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló sọ bàbá àwọn dèèyàn. N kò tíì gbọ́ ilé kan tó ní bàbá àgbà àwọn wà lára àwọn tó bú Awólọ́wọ̀ nítorí owó náà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí owó orí, ńkọ́? Wọn ò ya òmùgọ̀. Ní 1968 àti 1969, owó kòkó ò pé, agbowó-orí ń fi ìyà jẹ wọ́n, ọ̀nà oko ò ṣeé rìn. Àáké wọn ni wọ́n ń gbà, ẹlòmíràn ló ń lá oyin. Wọ́n jà títí owó orí fi wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ohun tí wọ́n bínú sí ni kí a gba owó lọ́wọ́ tálákà kí ọ̀nà má sì dé oko rẹ̀. Kò sí Àgbẹ́kọ̀yà kan tó gbé ìbọn nítorí kí owó orí olówó lè dín.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọ wọn ti gbọ́n jù wọ́n lọ. A ní a ò ní san owó orí torí pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan. La bá ra jẹnẹrétọ̀, a gbẹ́ kànga, a dáwó ra tiransifọ́mà, a gba ọdẹ àdúgbò, a san owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Owó orí ni gbogbo rẹ̀. Kìkì pé kò ní rìsíìtì, kò sì sẹ́ni tí a lè fi ìbò lé kúrò nídìí rẹ̀.

Nítorí náà, gómìnà tó bá tún gun pèpéle, tó ní òun yóò dín owó orí kí ọrọ̀ lè pọ̀, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un títí yóò fi dáhùn: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni yóò tì, títì wo ni yóò pa tì, orí ta ni ẹrù náà yóò sì bọ́ sí? Bí kò bá lè dárúkọ ẹni náà, ìwọ ni.