Ìṣẹ́jú Méje Kò Tó

Nígbà tí WhatsApp kọ́kọ́ fún wa láyè ní 2017 láti pa ọ̀rọ̀ tá a ti fi ránṣẹ́ rẹ́, ìṣẹ́jú 7 péré ni. Ó dájú pé ẹni tó ṣírò rẹ̀ kò ní ẹ̀gbọ́n ìyá. Kí ìṣẹ́jú 7 tó pé, Mọ́mì Ìbàdàn ti gbọ́ ohùn mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ni mo sọ? Wọ́n kéde iye aṣọ ẹbí, inú bí mi, mo gbé fóònù, mo ní, "Ṣé wúrà ni wọ́n fi hun ún ni?" Ìyàwó mi ni mo rò pé mò ń bá sọ̀rọ̀. Àṣé gbogbo mọ̀lẹ́bí ni! Ní 2022 WhatsApp sún àyè náà síwájú, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 2. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ní báyìí, bí inú bá ti fẹ́ bí mi, ẹ̀bà ni mo máa ń lọ tẹ̀. Ọwọ́ tí ọbẹ̀ ilá ti bò kò lè tẹ fóònù. Mo ti sanra díẹ̀ o. Ọ̀pá 6 ni mo sì rà nínú aṣọ ẹbí náà, pẹ̀lú fìlà. Owó rẹ̀ ni mi ò tíì san tán.